Bí Mo Ṣe Gba Ẹ̀rí Olùṣirò ní Ìlú Ìwọ̀n

Ní àárọ̀ ọjọ́ tí mo ń wí yìí, mo jókòó sẹ́nu ọ̀nà ilé mi, mo ń fi òrí pa awọ àpò ọdẹ mi kí ó lè rọ̀, nítorí ọ̀nà tí mo fẹ́ lọ jìn. Àyọ̀ká ìyàwó mi jókòó tì mí, ó ń yan ìwọ̀nba èkùrọ́ tó kù nílé fún mi kí n rí nǹkan máa fi panu lójú ọ̀nà. Ẹ̀yin tí ẹ pé jọ sábẹ́ igi agbálùmọ̀ yìí, ẹ yá mi létí yín, kí ẹ sì fi ẹnu yín pamọ́ fún ìgbà díẹ̀. Ẹni tó bá fẹ́ já ìtàn gbà lẹ́nu Ọdẹ́ṣínà, kí ó kọ́kọ́ lọ di ẹfọ̀n mú ní ìwo bí mo ti dì í mú, kí ó tó wá.

Ìlú wa, Ìdó-Ẹ̀rìn, ní àká kan tí gbogbo wa ń kó ọkà bàbà sí. Àwọn baba wa ti bá iwin kan mulẹ̀ lórí àká náà. Olùṣọ́-Àká ni orúkọ rẹ̀, iṣẹ́ rẹ̀ ni láti máa lé olè àti kòkòrò fún wa. Ohun kan ni iwin náà bèèrè: ẹni tó bá máa ṣí àká gbọ́dọ̀ jẹ́ olùṣirò tó yege ìdánwò ní Ìlú Ìwọ̀n, kí ó sì sọ iye ẹnu tó máa jẹun láìparọ́. Bí ó bá parọ́, àká yóò tì pa títí láé. Baba Adélàgún ló ń ṣe iṣẹ́ náà fún wa. Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, baba ń jẹ̀kọ lọ́wọ́, orí rẹ̀ tẹ̀ síwájú, ó kú. Kò kọ́ ẹnikẹ́ni ní iṣẹ́ rẹ̀.

Ọ̀dá wá dé. Oko gbẹ, odò gbẹ. Àwa sì jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ àká tó kún dé òrùlé, ebi ń pa wá. Ẹ gbọ́ ná: ebi tó ń pa èèyàn níbi tí oúnjẹ kò sí, ó sàn ju èyí tó ń pa á níbi tó ti ń gbóòórùn ọkà.

Èmi ni ìlú rán, nítorí mo mọ ìṣirò. Kò sí ẹni tó kọ́ mi. Bí mo bá pa ẹran, mo máa ń gé ojú kan sára ìdí ìbọn mi, ibẹ̀ ni mo ti jókòó wo bí iye kan ṣe ń bá èkejì rìn, bí ogún ṣe ń bí ogójì, bí a ṣe ń yọ márùn-ún kúrò lára rẹ̀ kó tó di márùndínlógójì. Ó dùn mọ́ mi bí ẹmu.

"Baálé mi," Àyọ̀ká wí, "ẹ má pẹ́ o."

"Kí ni mo fẹ́ máa pẹ́ ṣe? Ṣé mi ò mọ ìṣirò ni? Bí mo bá débẹ̀, wọn ó bi mí, n ó dáhùn, n ó padà."

Ó rẹ́rìn-ín. "Ẹ̀yin náà kúkú ni. Ìgbà tí ẹ ní ẹ fẹ́ yọjú wo pàkúté, ọjọ́ kẹta lẹ wọlé."

Ó gbé èkùrọ́ náà fún mi. Ẹ̀gbà ọwọ́ rẹ̀, tó máa ń há mọ́ ọn lọ́rùn ọwọ́ tẹ́lẹ̀, yọ̀ lọ dé ìgbọ̀nwọ́. Mo rí i, mo sì ṣe bí ẹni tí kò rí i. Òun ni mo tìtorí rẹ̀ yára gbéra, ju gbogbo ìlú lọ.

N kò ní fi ìrìn ẹsẹ̀ dá yín lágara. Nínú Igbó Ewé-Ń-Sọ̀rọ̀, ewèlè kan tí ojú rẹ̀ wà ní orúnkún dá mi lọ́nà. Ó ní, "Kí ni ohun tó ń jẹun nílé gbogbo èèyàn tí ẹnikẹ́ni kì í bu oúnjẹ fún?" Mo ní, "Iná ààrò ni, àgbàyà. Ṣé ìyẹn náà ni o fi ń dá ọdẹ dúró?" Ó ní kí n máa lọ. Mo ní n kò lọ, àfi bí ó bá kọ́kọ́ tọrọ gáfárà. Orúnkún ni mo fà bí ẹni ń fa ọmọdé létí, omijé sì ń gba ojúgun rẹ̀ ṣàn sílẹ̀. Báyìí ni mo ṣe wà nígbà náà! Ẹni tí ẹ̀ ń wò tó ń fi ọ̀pá rìn yìí kọ́.

Mo dé Ìlú Ìwọ̀n. Gbogbo ilé ìlú náà ni wọ́n so rọ̀ ní méjì méjì, bí abọ́ òṣùwọ̀n. Bí ẹnì kan bá wọ èyí, èkejì a gbéra sókè, nítorí náà kò sẹ́ni tó ń dá wọlé níbẹ̀. Bí ìwọ bá fẹ́ lọ sùn, o ní láti wá ẹni tó sanra bíi tìẹ lódìkejì tí oorun ń kùn. Mo wo bí okùn àti òpó rẹ̀ ṣe ń ṣiṣẹ́ títí ọrùn fi ń dùn mí.

Ẹnu ọ̀nà gbọ̀ngàn ìdánwò ni mo ti bá Abèèrè-Ẹ̀rí. Ara rẹ̀ fẹ̀ bí ilẹ̀kùn ààfin, ẹnu rẹ̀ sì rí bí ihò kọ́kọ́rọ́.

"Ẹ kú ìdúró o, bàbá. Mo wá ṣe ìdánwò olùṣirò."

"Apá rẹ dà?"

"Òun nìyí."

"Kò sí ilà níbẹ̀."

"Ilà wo? Ẹ bi mí ní ìṣirò, kẹ́ ẹ gbọ́ èsì."

"Ta ló bi ọ́ bóyá o mọ̀ ọ́n? Ilé ẹ̀kọ́ mẹ́ta ló wà lẹ́yìn odi yẹn: Ilé Àkọsílẹ̀, Ilé Ìpín, Ilé Ìyẹ̀wò. Èyí tí o bá yege nínú rẹ̀, wọn ó fi osùn fa ilà kan sí ọ lápá. Ilà mẹ́ta ló ń ṣí mi."

"Bàbá, ebi ń pa àwọn èèyàn mi nílé."

"Wẹ̀yìn wò," ó wí. Mo wẹ̀yìn. Àwọn èèyàn tò lọ rẹrẹẹrẹ, àpò ìrìn-àjò wà léjìká gbogbo wọn. "Ebi ń pa èèyàn gbogbo wọn nílé."

Mopélọ́lá tó jókòó lábẹ́ igi níbẹ̀ yẹn, mo rí i pé o ń mi orí. Kí ló dé?

"Bàbá, bí wọ́n ṣe ń ṣe àwa náà nìyẹn! Ọdún mẹ́rin ni mo fi kọ́ akáǹtì ní yunifásítì. Wọ́n tún ní kọ́ọ̀sì kan ṣẹ́kù kí n tó lè jókòó ṣe ìdánwò láìsẹ́ǹsì."

Mo gbọ́, ọmọ mi. Ìlú náà kò jìnnà sí tiyín.

"Ọdẹ, ẹ ò sì yìnbọn fún un?"

Láníhún, ta ní í yìnbọn fún ilẹ̀kùn? Bí ìwọ bá débẹ̀, orí lo máa fi kàn án, ilẹ̀kùn ò sì ní gbọ́.

Mo lọ sí Ilé Àkọsílẹ̀. Odò kan gba àárín ilé náà kọjá. Ẹja ń gba ihò kan wọlé, wọ́n ń gba òmíràn jáde. Olùkọ́ ibẹ̀, obìnrin kan tí koríko odò jẹ́ irun orí rẹ̀, fún mi ní okùn méjì: kókó kan sí ti òsì fún ẹja tó bá wọlé, kókó kan sí ti ọ̀tún fún èyí tó bá jáde. Ní ìrọ̀lẹ́, wọn ó sé omi, wọn ó wo iye ẹja tó kù, ó sì gbọ́dọ̀ bá ìyàtọ̀ okùn méjèèjì mu. Tèmi kò bá a mu. Mo tún un ṣe, kò bá a mu. Mo ní ojú mi kò fo ẹja kankan, àbí ta ló mọ ìṣọ́ ṣe ju ọdẹ lọ?

Olùkọ́ mú ẹja ńlá kan, ó la inú rẹ̀. Ẹja kékeré wà nínú rẹ̀.

"Èyí tí wọ́n gbé mì náà ti jáde, Ọdẹ́ṣínà," ó wí, "bí kò tilẹ̀ gba ẹnu ọ̀nà. Ta kókó fún un."

Mo ta kókó fún àwọn tí wọ́n gbé mì, ìṣirò mi gún. Mo sọ òótọ́ fún yín, inú mi dùn débi pé mo gbàgbé ebi. Ohun tí mo ń ṣe nídìí ìbọn láti ọjọ́ pípẹ́, mi ò mọ̀ pé ẹsẹ̀ kan ló ti fi ń rìn. Ó fa ilà kan sí mi lápá.

Ilé Ìpín kò fi bẹ́ẹ̀ yọ mí lẹ́nu. Wọ́n gbé ẹtu kan síwájú ẹ̀dá olórí méje, wọ́n ní kí n pín in. Orí kìíní ní òun ni àkọ́bí, orí kejì ní òun ló ń ronú, ìkẹta ní òun ló ń sùn jù nítorí náà òun ló nílò agbára. Wọ́n ń bú ara wọn bí orogún. Mo jẹ́ kí wọ́n sọ ọ́ tán.

"Ẹ kú ìjà o," mo wí. "Ikùn mélòó lẹ ní?"

Gbogbo orí ń wo ara wọn. Orí kẹta ló fohùn kékeré dáhùn: "Ẹyọ kan ni."

"Ẹ̀tọ́ ikùn kan ló kàn yín. Ẹ fi èyí tó kù sílẹ̀ fún aládùúgbò yín." Wọ́n fa ilà kejì fún mi. Ó ku ọ̀kan.

Àgbàlagbà kan tí kò ní ìpéǹpéjú ló ń kọ́ni ní Ilé Ìyẹ̀wò. Olùyẹ̀wò ni wọ́n ń pè é. Ó mú mi lọ sí agbo ilé obìnrin kan, ó ní kí n wo gbogbo ohun tó wà níbẹ̀, kí n sọ iye rẹ̀. Mo ka adìyẹ, mo ka ewúrẹ́, mo ka ìkòkò, mo ka odó, mo ka ọmọ odó. Mo ka alángbá ara ògiri. Mo wá dúró níwájú rẹ̀, mo sọ gbogbo rẹ̀ láìṣì kan.

"Àwọn ọmọ tó ń sáré kiri inú agbo ilé ńkọ́?"

"Bàbá, a kì í ka ọmọ fún ọlọ́mọ."

"Ta ló wí bẹ́ẹ̀?"

"Ìlú mi ló wí bẹ́ẹ̀. Ìyàwó mi bímọ, a sin wọ́n. Láti ìgbà náà, bí ẹnikẹ́ni bá na ìka sí ọmọ ọlọ́mọ pé ọ̀kan, èjì, Àyọ̀ká a sáré gbá ìka náà sílẹ̀. Mi ò lè ṣe é."

Olùyẹ̀wò kò fi mí rẹ́rìn-ín. Ó ní, "Mo gbọ́. Ṣùgbọ́n bí wọ́n bá ń pín oúnjẹ nínú agbo ilé yìí, ọmọ tí ìwọ kò kà, abọ́ ta ni yóò ti jẹ?"

Mo yíjú sí àwọn ọmọ tó ń sáré kiri náà.

"O kò yege. Ẹ̀kọ́ yìí kì í tún bẹ̀rẹ̀ àfi bí ìrókò ẹnu ọ̀nà bá rúwé tuntun."

Mo gbójú sókè wo ìrókò. Ewé rẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ ń pọ́n ni. Mo kúnlẹ̀, èmi tí n kò kúnlẹ̀ fún erin. Mo ní kí ó fa ilà náà fún mi, nítorí Ọlọ́run, mo ní ẹnì kan nílé tí ẹ̀gbà ti ń bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Ó ní bí òun bá fà á, tí mo délé tí mo fo ẹnu kan, àká yóò tì pa, gbogbo wọn yóò kú. Òótọ́ ló sọ. Òótọ́ náà sì dùn mí ju irọ́ lọ.

Mo bá jókòó sẹ́yìn Ilé Ìyẹ̀wò, mo ń wo igi.

Ọ̀nà kan gba ẹ̀yìn ilé náà kọjá. Àwọn tó ń rìn lórí rẹ̀ kì í ta eruku. Ọ̀nà àwọn òkú ni. Ní igun rẹ̀, ìyá àgbà kan jókòó ti igbá ńlá kan. Kò na ìka sí ẹnikẹ́ni, kò bi ẹnikẹ́ni ní nǹkan kan. Olúkúlùkù tó bá dé ọ̀dọ̀ rẹ̀ ló ń bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, tó ń ṣa òkúta kan nílẹ̀, tó ń sọ ọ́ sínú igbá, tó ń kọjá lọ. Ojoojúmọ́ ni mò ń rí wọn, n kò sì fi ọkàn sí i, nítorí òkú ẹlòmíràn kì í dunni bí òkú ẹni.

Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, mo rí obìnrin kan tó ń bọ̀. Ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ kún. Ẹ̀gbà há mọ́ ọn lọ́rùn ọwọ́ dáadáa.

"Àyọ̀ká!"

Ó dúró. "Áà, baálé mi. Ibí lẹ wà?"

"Ibí ni mo wà. Ilà kan ló kù."

"Ẹ sọ pé ẹ ò ní pẹ́." Kò sọ ọ́ bí ẹni ń bínú. Ó sọ ọ́ bí ìgbà tó máa ń sọ fún mi pé ọbẹ̀ ti tutù.

"Àyọ̀ká, dúró. Jẹ́ ká jọ padà sílé."

"Ilé wo? Ẹ̀yìnkùlé ni wọ́n sin mí sí, níbi tí ẹ gbin ọ̀gẹ̀dẹ̀ sí. Ìyá Ṣẹ́gilọlá aládùúgbò wa ló wẹ̀ mí. Bí ẹ bá délé, ẹ bá mi dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀, ó ṣe bí ọmọ ìyá."

"Ṣé ebi ni?"

"Ẹ má bi mí mọ́. Ebi ò pa mí mọ́ báyìí."

Mo dìde. Mo gbé ẹsẹ̀ kan sí ọ̀nà náà, mo fẹ́ bá a lọ. Ojú rẹ̀ le.

"Ẹ jókòó! Bí ẹ bá bá mi lọ, ta ló máa ṣí àká? Àwọn ọmọ Ìyá Ṣẹ́gilọlá ń họ èèpo igi jẹ. Ṣé tìtorí mi ni gbogbo wọn máa fi gba ọ̀nà yìí wá?"

Ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀. Ó ń fi ìka yẹ òkúta wò lọ́kọ̀ọ̀kan bí ó ti máa ń ṣa ẹ̀wà. Ó mú ọ̀kan tó wù ú, ó sọ ọ́ sínú igbá. Mo gbọ́ bí ó ṣe ró. Ó kọjá, kò bojú wẹ̀yìn; wọn kì í bojú wẹ̀yìn.

Láníhún, mo rí ọ tí o ń fi etí aṣọ nu ojú. Kò burú, máa nù ún.

Mo sunkún gidigidi. Ṣùgbọ́n ẹkún kì í fọ́ ojú ọdẹ. Bí mo ti ń sunkún, igbá yẹn ni mò ń wò. Ìyá àgbà náà kò ka ẹnikẹ́ni, síbẹ̀ ó mọ iye gbogbo wọn. Òkúta ló ń kà. Olúkúlùkù ló ń fi ọwọ́ ara rẹ̀ sọ pé òun wà níbẹ̀.

Ìrókò rúwé. Mo padà sí agbo ilé obìnrin náà, mo kí i, mo ní, "Ìyá, n kò ní ka ọmọ yín. Ẹ bá mi di ẹ̀kọ, kí ó jẹ́ ẹyọ kan fún ọmọ kan." Ó dì í, ó kó o sínú igbá kan. Mo gbé igbá òfìfo kan tì í. Mo ní kí ọmọ kọ̀ọ̀kan sọ òkúta kan sínú èyí, kí ó mú ẹ̀kọ kan nínú ìyẹn. Wọ́n sáré wá, wọ́n ń ti ara wọn. Ìyá wọn sọ òkúta fún èyí tó pọ̀n. Nígbà tí wọ́n ṣe tán, ẹ̀kọ kan ṣẹ́kù.

"Ìyá, ẹnì kan kò tíì wá."

Obìnrin náà gbá àyà mú. "Háà! Èyí tí ara rẹ̀ gbóná, tó ń sùn ní yàrá!" Ó sáré wọlé, ó gbé e jáde. Ọmọ náà fi ọwọ́ gbígbóná sọ òkúta, ó gba ẹ̀kọ. Igbá kan ṣófo, igbá kejì pé. Mo da òkúta sílẹ̀, mo kà wọ́n, mo sọ iye wọn.

Olùyẹ̀wò tó dúró tì mí ní, "Ta ló kọ́ ọ?"

Mo ní, "Ìyàwó mi ni."

Ó fa ilà kẹta.

Abèèrè-Ẹ̀rí wo apá mi, ó ṣí. Ìdánwò náà fúnra rẹ̀ kò gùn. Okùn méjì ló wà lórí ẹní nínú gbọ̀ngàn, ohùn kan sì wí pé, "Ṣírò ìrìn-àjò rẹ." Mo ta kókó sí ti òsì: ìbọn, àpò, èkùrọ́, ìyàwó kan nílé. Mo ta kókó sí ti ọ̀tún: ẹ̀tù tí mo yìn, èkùrọ́ tí mo jẹ. Mo wo ohun tó kù lọ́wọ́ mi, kò bá okùn mu. N kò fẹ́ ta kókó tó kù yẹn, nítorí bí mo bá ta á, ó ti rí bẹ́ẹ̀ nìyẹn. Mo rántí ẹja tí wọ́n gbé mì. Mo ta á, mo fà á le. Ìṣirò mi gún. Wọ́n fi ẹ̀wọ̀n idẹ sí mi lọ́rùn, ẹ̀rí olùṣirò.

Nígbà tí mo dé Ìdó-Ẹ̀rìn, kò sẹ́ni tó lágbára láti pariwo. Mo lọ sí ẹ̀yìnkùlé, ìdí ọ̀gẹ̀dẹ̀, mo dúró díẹ̀. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ Ìyá Ṣẹ́gilọlá bí Àyọ̀ká ti rán mi. Lẹ́yìn náà mo gbé igbá kan lọ sí ẹnu àká.

Ohùn Olùṣọ́-Àká ti inú ọkà jáde: "Ẹnu mélòó?"

Mo ní kí gbogbo ìlú máa bọ̀, kí olúkúlùkù sọ òkúta kan sínú igbá. Àwọn ìyá sọ òkúta fún ọmọ ẹ̀yìn wọn. Wọ́n gbé arúgbó wá, wọ́n gbé aláìsàn wá. Èmi ni mo kẹ́yìn. Bí mo ṣe ń bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ láti mú òkúta, Ìyá Ṣẹ́gilọlá sún mọ́ mi.

"Ọdẹ, ẹ sọ méjì. Ẹ fi ti Àyọ̀ká kún un, ká fi ṣe sàráà fún un. Kò sẹ́ni tó máa yọ yín lẹ́nu nínú wa."

"Mo mọ̀, ìyá. Ṣùgbọ́n ẹnu tó máa jẹun ni iwin bèèrè."

Mo sọ ẹyọ kan. Mo da igbá, mo kà á sókè, mo sọ iye rẹ̀ fún iwin. Ilẹ̀kùn àká dún, ó ṣí, ọkà sì tú jáde sórí ẹsẹ̀ wa. Àwọn ọmọdé kò dúró kí wọ́n lọ̀ ọ́. Tútù ni wọ́n ń jẹ ẹ́. Títí òjò fi dé, ẹnikẹ́ni kò tún kú ní ìlú wa nítorí ebi.

A fi agbọ̀n wọn ọkà, agbọ̀n kan fún òkúta kan. Àwọn èèyàn ru tiwọn lọ sílé, tọkọtaya, tọmọtọmọ. Èmi náà ru tèmi. Agbọ̀n kan ni.